Gúlóòbù Wo Ni Kí A Rà?

Nínú ẹ̀kọ́ òní, a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun kékeré kan tí ó rọ̀ sí àjà ilé wa. Ohun náà ni gúlóòbù iná ẹ̀lẹ́tíríìkì. Ó kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè jẹ owó púpọ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò yín sọ́wọ́, nítorí a ó ṣe ìṣirò díẹ̀.

Ìtàn tí ó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. A fi ṣe àpẹẹrẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni ó lè bá mu.

1. ILÉ TUNTUN BÀBÁ ÌBEJÌ

Ẹ jẹ́ kí a rò ó pé ìdílé kan wà ní Ìmòrù, ní agbègbè Ọ̀sẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bàbá Ìbejì ni olórí ilé náà. Kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ó ń gbìn. Ìyá Ìbejì, aya rẹ̀, ń yan gàrí tà. Táíwò àti Kẹ́hìndé, àwọn ọmọ wọn, ti dé kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́ gírámà. Ní ọdún tí ń bọ̀ wọn yóò ṣe ìdánwò WAEC. Ẹ ò rí i pé owó ìdánwò ọmọ méjì ni àwọn òbí wọn gbọ́dọ̀ san lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn tí Bàbá Ìbejì ta kòkó, ó parí ilé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tí ó jẹ́ rìwáyà ní Ọ̀wọ̀, wá ta wáyà sí ilé náà. Nígbà tí iṣẹ́ parí, àwọn méjèèjì lọ sí ọjà láti ra gúlóòbù mẹ́fà.

Bàbá Ìbejì na ọwọ́ sí gúlóòbù àtijọ́, èyí tí iná rẹ̀ máa ń pọ́n.

Àbúrò rẹ̀ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má rà á. Ẹ ra LED."

"Èló ni LED yẹn?"

"1,500 náírà ni ọ̀kan. Ti ọwọ́ yín yẹn, 400 náírà."

Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí igi ni mo ti ń já owó ni? Iná ni iná ń jẹ́. Di èyí fún mi."

Àbúrò rẹ̀ kò jiyàn mọ́, nítorí ẹ̀gbọ́n ni ẹ̀gbọ́n ń jẹ́. Wọ́n ra gúlóòbù mẹ́fà, oní 60 wáàtì. Owó rẹ̀ jẹ́ 2,400 náírà. Bí wọ́n bá ra LED ni, ì bá jẹ́ 9,000 náírà. Bàbá Ìbejì gbà pé òun ti fi 6,600 náírà pamọ́.

Ṣé òótọ́ ni ó fi owó pamọ́? Ẹ jẹ́ kí a wò ó.

2. KÍ NI WÁÀTÌ? KÍ NI YÚNÍTÌ?

Lára gbogbo gúlóòbù, wọ́n kọ nọ́ńbà kan sí i, wọ́n sì kọ W tẹ̀lé e. W yìí ni wáàtì. Wáàtì ni a fi ń mọ bí nǹkan ṣe ń jẹ iná sí. Gúlóòbù 60 wáàtì ń jẹ iná ju ti 9 wáàtì lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje.

Yúnítì ni iye iná tí a ń san owó rẹ̀. Nígbà tí ohun tí ń jẹ 1,000 wáàtì bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, ó ti jẹ yúnítì kan. Áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ sábà máa ń jẹ tó 1,000 wáàtì. Nítorí náà, bí ẹ bá fi í lọ aṣọ fún wákàtí kan gbáko, ó lè jẹ tó yúnítì kan.

Ọ̀nà tí a fi ń ṣe ìṣirò rẹ̀ nìyí:

Iye wáàtì × iye wákàtí ÷ 1,000 = iye yúnítì.

Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín. Ẹni tí ó bá mọ ìlà kan yìí, kò sí ẹni tí yóò lè pa á lójú dé nípa owó iná.

3. LÉBÌRÀ MÉJÌ

Bí gúlóòbù kan bá ń jẹ 60 wáàtì, tí èkejì sì ń jẹ 9 wáàtì, ṣé ìmọ́lẹ̀ ti àkọ́kọ́ kò ní í pọ̀ jù? Ìbéèrè gidi ni. Ẹ jẹ́ kí a fi iṣẹ́ oko dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ pé lébìrà méjì wá sí oko yín. Èkínní kò béèrè owó ṣáájú, ṣùgbọ́n ó ń jẹ ìkòkò oúnjẹ méje lójúmọ́. Èkejì béèrè owó díẹ̀ ṣáájú, ṣùgbọ́n ìkòkò kan ni ó ń jẹ. Iye ebè tí àwọn méjèèjì ń kọ lójúmọ́ sì dọ́gba. Èwo ni ẹ ó gbà?

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ gúlóòbù rí. Inú gúlóòbù àtijọ́ ni wáyà tín-ín-rín kan wà. Iná máa ń gba ara wáyà náà kọjá títí yóò fi gbóná, tí yóò sì máa tàn yòò. Ooru ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń mú jáde. Nínú 100 náírà tí ẹ san fún iná rẹ̀, èyí tí ó di ìmọ́lẹ̀ kò ju 5 sí 10 náírà lọ. Ìyókù di ooru. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé bí ẹ bá fọwọ́ kàn án nígbà tí ó ń tàn, yóò jó yín lọ́wọ́.

Ọdún 1879 ni Thomas Edison ní Amẹ́ríkà mú irú gúlóòbù yìí jáde lọ́nà tí ó fi wúlò nínú ilé. Ó ṣe aráyé lóore púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kò pin síbẹ̀.

Oríṣi kejì ni èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní énájì. Ó dà bí ọ̀pá funfun tí a lọ́ pọ̀. Kò ní wáyà gbígbóná nínú, afẹ́fẹ́ àti oògùn inú rẹ̀ ni ó ń mú kí ó tàn. Énájì tí ń jẹ 13 sí 15 wáàtì ń tàn tó gúlóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì.

Oríṣi kẹta ni LED. Èyí náà kò ní wáyà gbígbóná. Ohun kékeré kan bí ẹyọ àgbàdo ni ó ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ní LED pupa àti aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n a kò lè rí ìmọ́lẹ̀ funfun láìsí aláwọ̀ búlúù. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí a bí ní Japan, Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura, ni wọ́n ṣe aláwọ̀ búlúù náà. Ní ọdún 2014, wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá wọn lọ́lá nítorí rẹ̀. LED oní 9 wáàtì ń tàn tó gúlóòbù àtijọ́ oní 60 wáàtì.

4. ÌYÁ ÌBEJÌ KA MÍTÀ

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Ìmòrù. Bàbá Ìbejì ra iná 5,000 náírà, ó ní yóò tó oṣù kan. Láti mú kí ìṣirò wa rọrùn, a ó fi yúnítì kan sí 100 náírà, a kò sì ní í ka owó orí mọ́ ọn. 5,000 náírà jẹ́ 50 yúnítì.

Ní ọjọ́ kejìlélógún, ilé ṣókùnkùn biribiri. Bàbá Ìbejì rò pé wọ́n ti mú iná lọ. Ó yọjú wo ìta, ó rí iná ilé kejì tí ń tàn.

Ó ní, "Kí ló dé? Àbí wọ́n ń jí iná wa ni?"

Ìyá Ìbejì dáhùn, "Bàbá Ìbejì, yúnítì ló tán."

"Kò lè jẹ́! Rédíò, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n kékeré nìkan la ní."

Wọ́n fi 4,000 náírà ra òmíràn. Owó yìí wá láti inú àpò gàrí tí Ìyá Ìbejì tà. Owó ìdánwò àwọn ọmọ ni ó ti ń tọ́jú rẹ̀ fún. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n kò pariwo.

Ìyá Ìbejì ti kàwé ní kíláàsì àwọn àgbà fún ọdún méjì. Òun ni ó máa ń tẹ nọ́ńbà 20 tí wọ́n bá fún wọn sínú mítà. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó mú ìwé rẹ̀, ó wo ojú mítà, ó sì kọ 40.0 sílẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ méje gééré, ó tún wò ó. Ó ti di 24.0.

Ó pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórí fóònù. "Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ń bọ̀, ẹ yá wa ní LED mẹ́fà. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni."

Àbúrò náà mú un wá, ó yọ gúlóòbù àtijọ́, ó fi LED oní 9 wáàtì rọ́pò wọn. Bàbá Ìbejì jókòó, ó ń wò. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó wo yàrá, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Ó mà tàn o." Ó dákẹ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ méje mìíràn, Ìyá Ìbejì tún lọ wo mítà. 18.7 ni ó rí.

Ó mú ìwé náà tọ ọkọ rẹ̀ lọ. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, 16 yúnítì ni a lò. Ọ̀sẹ̀ kejì, 5.3. Rédíò kan náà ni, fáànù kan náà ni, tẹlifíṣọ̀n kan náà ni. Gúlóòbù nìkan la pààrọ̀."

Bàbá Ìbejì gba ìwé náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Ẹnìkan kan kò jí iná wa. Èmi gan-an ni mo ra olè wọlé."

5. ẸNI TÍ Ó RÀ LÓWÓ PỌ́Ọ́KÚ

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò náà pọ̀. Ká ní gúlóòbù mẹ́fà ń tàn fún wákàtí 5 lálaalẹ́.

Gúlóòbù àtijọ́:
6 × 60 = 360 wáàtì.
360 × 5 ÷ 1,000 = 1.8 yúnítì lálẹ́ kan.
1.8 × 30 = 54 yúnítì lóṣù.
Ní 100 náírà, ó jẹ́ 5,400 náírà.

LED:
6 × 9 = 54 wáàtì.
54 × 5 ÷ 1,000 = 0.27 yúnítì lálẹ́ kan.
0.27 × 30 = 8.1 yúnítì lóṣù.
Ní 100 náírà, ó jẹ́ 810 náírà.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 4,590 náírà lóṣù kan. Owó LED mẹ́fà jẹ́ 9,000 náírà. Láàárín oṣù méjì, LED ti san owó ara rẹ̀ padà. Láti oṣù kẹta lọ, èrè ni.

Bí iná bá ń wá fún wákàtí méjì péré lálẹ́ ńkọ́? Èrè náà yóò kéré. Yóò jẹ́ bí 1,836 náírà lóṣù, yóò sì gbà tó oṣù márùn-ún kí LED tó san owó ara rẹ̀. Síbẹ̀, yóò san án.

Iye tí wọ́n ń ta yúnítì kò dọ́gba káàkiri. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé e dé 225 náírà fún àwọn tí wọ́n wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí pé iná wọn yóò máa wà tó wákàtí 20 lójúmọ́. Ní iye yẹn, gúlóòbù àtijọ́ mẹ́fà yóò jẹ 12,150 náírà lóṣù. LED mẹ́fà yóò jẹ 1,822 náírà àti 50 kọ́bọ̀. Ẹ wo iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ tiyín lára ìwé tí wọ́n ń fún yín nígbà tí ẹ bá ra iná, kí ẹ fi ṣe ìṣirò tiyín.

Ohun mìíràn tún wà. Gúlóòbù àtijọ́ kì í sábà ju wákàtí 1,000 lọ kí ó tó jó. Bí a bá ń tàn án fún wákàtí 5 lálẹ́, kò ní í ju 200 ọjọ́ lọ. LED tí ó dára lè tó wákàtí 15,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà wa ní, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni gúlóòbù ń wọ inú àpò wa. A kì í rí i, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni a sanwó lọ́jà, ṣùgbọ́n alaalẹ́ ni a ń sanwó nílé.

6. OHUN TÍ WỌ́N ṢE NÍ GHANA

Ọ̀rọ̀ gúlóòbù kì í ṣe ti ilé kan nìkan. Ó lè gba orílẹ̀-èdè kan lọ́wọ́ òkùnkùn.

Ní ọdún 2006 sí 2007, ọ̀dá mú kí omi adágún Akosombo lọ sílẹ̀ ní Ghana. Láti inú omi yẹn, ní odò Volta, ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀lọpọ̀ iná wọn. Nígbà tí omi fà, iná kò tó mọ́. Ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í pín iná fún àdúgbò kan lónìí, fún òmíràn lọ́la.

Ní ọdún 2007, ìjọba Ghana ra gúlóòbù énájì mílíọ̀nù mẹ́fà, wọ́n sì pín in fún àwọn ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi rọ́pò àwọn ti àtijọ́. Nígbà tí wọ́n wá ṣe ìṣirò, wọ́n rí i pé iná tí gbogbo ìlú ń fà ní ìrọ̀lẹ́ ti fi bí 124 mẹgawáàtì dín kù. Mẹgawáàtì kan jẹ́ mílíọ̀nù kan wáàtì. 124 mẹgawáàtì lè tan gúlóòbù oní 60 wáàtì tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Wọn kò kọ́ ilé iṣẹ́ iná tuntun fún un. Gúlóòbù ni wọ́n pààrọ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í fòpin sí títa gúlóòbù àtijọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí 100 wáàtì.

7. ẸNI TÍ KÒ NÍ MÍTÀ ŃKỌ́?

Ìyá tí ń gbé ní ilé kejì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ó wá bá Ìyá Ìbejì.

Ó ní, "Èmi ò ní mítà. Bíìlì ni wọ́n ń gbé wá fún mi lóṣooṣù. Bí mo tan iná, iye kan náà ni. Bí n kò tan iná, iye kan náà ni. Kí ni LED fẹ́ ṣe fún mi?"

Òótọ́ ni ìyá yìí sọ, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń fi ojú díwọ̀n bíìlì rẹ̀ kò ní í rí èrè náà bí ẹni tí ó ní mítà. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2013 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé iṣẹ́ pínpín iná fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, BEDC ni ó ń pín iná ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ni ọ̀pọ̀ wa ṣì ń pè é. Ní oṣù kejì ọdún 2020, NERC, àjọ tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, pàṣẹ pé iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò ní mítà lóṣù gbọ́dọ̀ ní òpin. Nítorí náà, ohun méjì ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe. Àkọ́kọ́, kí ó kọ ìwé béèrè mítà, kí ó sì pa ẹ̀dà ìwé náà mọ́. Èkejì, bí bíìlì bá ga jù, kí ó kọ ìwé ẹ̀sùn, kì í ṣe kí ó máa bá òṣìṣẹ́ tí ó gbé bíìlì wá jà lẹ́nu ọ̀nà. Ìwé kíkọ ni agbára ẹni tí ó mọ̀wé.

Ní ọjọ́ tí mítà bá sì dé, gúlóòbù ni kí ó kọ́kọ́ yí padà.

8. IBI TÍ INÁ KÌ Í SÁBÀ DÉ

Ní ọ̀pọ̀ abúlé, jẹnẹrétọ̀ ni a ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ kọjá 480 náírà láàárín ọjọ́ díẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti di ẹrù fún ọ̀pọ̀ ilé láti tan jẹnẹrétọ̀ lálaalẹ́.

A gbọ́dọ̀ sọ òótọ́. LED nìkan kò lè dín epo jẹnẹrétọ̀ kù lọ títí, nítorí jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí ohun tí ó gbé tilẹ̀ kéré. Ibi tí LED ti ṣe iṣẹ́ ńlá ni pé ó lè mú kí a má nílò jẹnẹrétọ̀ fún ìmọ́lẹ̀ rárá.

Ẹ rántí pé LED mẹ́fà ń jẹ 54 wáàtì. Ní wákàtí 5, ó jẹ́ 270, ìyẹn 0.27 yúnítì. Bátìrì kan, oní 12 fóòtì, tí wọ́n kọ 100 Ah sí lára, ń gbé 1,200. Bí a bá lo ìdajì rẹ̀ péré kí ó má baà tètè bàjẹ́, 600 ni. Èyí tó fún alẹ́ méjì. Páànù sólà kan tí ó jẹ́ 100 wáàtì, bí ó bá rí oòrùn gidi fún wákàtí 4, yóò dá 400 padà lọ́jọ́ kan.

Bí ó bá jẹ́ gúlóòbù àtijọ́ ni, 1,800 ni a nílò lálẹ́ kan. Ìyẹn jẹ́ bátìrì mẹ́ta àti páànù márùn-ún. Ẹ ò rí i? Gúlóòbù tí a yàn ni ó ń sọ bóyá apá àgbẹ̀ yóò ká sólà tàbí kò ní í ká a.

Gúlóòbù tí a ń lò fún iná ìjọba kò ṣeé fi sí ara bátìrì 12 fóòtì ní tààrà. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ 12V sí lára, tàbí kí ẹ lo ìnfátà.

Ẹni tí ó bá ṣì ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ jọ̀wọ́, kí ó má gbé e sínú ilé tàbí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rárá. Èéfín rẹ̀ ní májèlé tí kò ní òórùn. Ó máa ń pa ènìyàn lójú oorun.

9. OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

(a) Ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Wọ́n lè kọ nọ́ńbà ńlá sí ara gúlóòbù tí kò tàn dáadáa. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ lumen sí lára páálí. Lumen ni a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀. Èyí tí ó fẹ́ rọ́pò 60 wáàtì àtijọ́ yẹ kí ó tó bí 800 lumen. Ẹ ra ẹyọ kan ná, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó ra ìyókù. Ẹ béèrè bóyá wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá tètè bàjẹ́.

(b) Oògùn tí ń jẹ́ mẹ́kúrì wà nínú énájì. Bí ó bá fọ́, ẹ kó àwọn ọmọdé jáde, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a, ẹ má sì fi ọwọ́ lásán mú un. Ẹ fi páálí kó o, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ dì wọ́n sínú ọ̀rá, kí ẹ so ó pinpin. Kò sí mẹ́kúrì nínú LED.

(d) Ẹni tí ó ń sin ọmọ adìyẹ, kí ó má yọ gúlóòbù àtijọ́ kúrò ní ilé adìyẹ. Ooru ni àwọn ọmọ adìyẹ ń wá, ooru yẹn sì ni gúlóòbù àtijọ́ fi ń ṣòfò nínú yàrá wa. LED kò lè mú wọn móoru.

(e) Ẹ má ṣe jẹ́ kí gúlóòbù àtijọ́ súnmọ́ aṣọ, páálí tàbí àjà oníkoríko. Ó lè dá iná sílẹ̀.

(ẹ) Ẹ pa iná tí ẹ kò lò. Nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, a máa ń gbàgbé súìṣì ní títàn. Bí iná bá dé ní òru tàbí ní ọ̀sán, gúlóòbù yóò máa tàn lásán. Gúlóòbù àtijọ́ kan ní ìta, bí ó bá tàn fún wákàtí 12 lóru, yóò jẹ 21.6 yúnítì lóṣù.

10. ÌPARÍ ÌTÀN WA

Bàbá Ìbejì kò dá LED àbúrò rẹ̀ padà. Ó san 9,000 náírà rẹ̀, díẹ̀ lóṣù yìí, díẹ̀ lóṣù tí ó tẹ̀ lé e. Ó ní, "Àbúrò mi, mo gbọ́ ọ lọ́jà, ṣùgbọ́n n kò gbà. Mítà ni ó bá mi wí."

Ìyá Ìbejì fa ìlà méjì sínú ìwé rẹ̀. Ní apá kan, ó ń kọ nọ́ńbà mítà. Ní apá kejì, ó ń kọ owó tí iná kò jẹ. Oṣooṣù ni ó ń fi owó náà sínú kóló. Ó kọ orúkọ sí ara kóló náà fúnra rẹ̀: TÁÍWÒ ÀTI KẸ́HÌNDÉ. Nígbà tí ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò pé, wọn kò tún yá owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni fi kún un.

Ẹ̀yin náà, ẹ wo àjà ilé yín lálẹ́ òní. Ẹ ka wáàtì tí ó wà níbẹ̀. Bí apá yín kò bá ká mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ó ń pẹ́ jù lórí títàn. Owó tí ó bá mú wá ni ẹ ó fi ra èkejì.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ

1. Èéṣe tí Bàbá Ìbejì fi rò pé òun ti fi owó pamọ́ lọ́jà?
2. Kí ni wáàtì? Kí ni yúnítì?
3. Ohun méjì wo ni ẹni tí kò ní mítà lè ṣe?
4. Èéṣe tí kò fi yẹ kí a fi LED sí ilé ọmọ adìyẹ?
5. Gúlóòbù mẹ́rin, oní 100 wáàtì, ń tàn fún wákàtí 5 lálẹ́. Yúnítì mélòó ni wọn yóò jẹ ní 30 ọjọ́?
6. Iṣẹ́ ilé: Ẹ ka nọ́ńbà ojú mítà yín lónìí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ tún kà á lẹ́yìn ọjọ́ méje. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, kí ẹ mú èsì rẹ̀ wá sí kíláàsì.

Ìdáhùn sí ìbéèrè karùn-ún: 60 yúnítì.